Òye Ọ̀rọ̀ Ìlera Láàárín Àwọn Àgbàlagbà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn àgbàlagbà tó ń gba ìtọ́jú, àwọn ọmọ àti ẹbí tó ń dúró tì wọ́n, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ni a kọ àwọn ìdáhùn yìí fún. Èrò kan ló wà lábẹ́ gbogbo wọn: bí ọ̀rọ̀ kò bá yé àgbàlagbà nílé ìwòsàn, ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà ni kó kọ́kọ́ yẹ ọ̀nà tó gbà sọ ọ́ wò.

Kí ni à ń pè ní òye ọ̀rọ̀ ìlera?

Òun ni agbára tí ènìyàn ní láti wá ìròyìn nípa ìlera rẹ̀ rí, kí ìròyìn náà sì yé e, kí ó lè mọ̀ bóyá ó ṣeé gbára lé, kí ó sì fi ṣe ìpinnu. Ẹni tó lè ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn, tó mọ àmì àìsàn tó lè dúró di ọ̀la yàtọ̀ sí èyí tó ń fẹ́ ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀, tó sì lè bi dókítà pé "Kí ni ẹ fẹ́ kí oògùn yìí ṣe fún mi?", òye yìí ló ń lò.

Don Nutbeam, ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìlera àwùjọ, pín in sí ìpele mẹ́ta lọ́dún 2000. Ìpele kìíní ni ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tó tó láti tẹ̀ lé ìtọ́ni. Ìkejì ni kí ènìyàn lè bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fọ̀rọ̀ wérọ̀, kí ó sì lè lo ohun tó gbọ́ nígbà tí nǹkan bá yí padà. Ìkẹta ni kí ó lè fi làákàyè yẹ ìròyìn wò kí ó tó gbà á. Ọ̀pọ̀ ètò tí wọ́n ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà kì í kọjá ìpele kìíní, àbùkù ńlá sì ni èyí lójú wa, nítorí pé ẹni tó ń bá àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ gbé ń ṣe ìpinnu nípa ara rẹ̀ lójoojúmọ́ nínú ilé, níbi tí kò ti sí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ṣé àìmọ̀wé ni ẹ kàn ń pè bẹ́ẹ̀?

Rárá. Àìmọ̀wé lè dá kún un, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe olùkọ́ lè jókòó síwájú dókítà tó ń ṣàlàyé pé kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, kí ó má sì gbọ́ ju gbólóhùn àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ìbẹ̀rù ti gba ọkàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí kò wọ ilé ìwé rí lè mọ àwọ̀, ìrísí, iṣẹ́ àti ìgbà lílo gbogbo oògùn rẹ̀ bí ẹnì kan bá ti fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un. Òye yìí kì í dúró sójú kan: ìrora, àìsùn àti ìkánjú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè dín in kù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwọn àgbàlagbà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù?

Lọ́dún 2003, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà láti mọ bí òye ọ̀rọ̀ ìlera àwọn ará ìlú ṣe tó, àwọn tó sì kópa nínú rẹ̀ lé ní 19,000. Nínú àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 29 nínú 100 wà ní ìpele tó rẹlẹ̀ jù lọ, ìdá 30 wà ní ìpele tó tẹ̀ lé e, ìdá 3 péré ló sì dé ìpele tó ga jù lọ. Kò sí ọjọ́ orí mìíràn tí àbájáde rẹ̀ rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ara fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Ojú ń di bàìbàì, lẹ́tà ara páálí oògùn sì wẹ́wẹ́. Etí ń wúwo: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lé ní ìdá 25 nínú 100 àwọn tó ti kọjá ẹni ọgọ́ta ọdún tí àìgbọ́ràn wọn ti le débi tó ń dí ìgbésí ayé wọn lọ́wọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wo ètè ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti fi mọ ohun tó ń sọ, nítorí náà bí nọ́ọ̀sì bá fi ìbòmú bo ẹnu, tàbí tó ń wo kọ̀ǹpútà bó ti ń sọ̀rọ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ náà ti lọ. Ní ti ọpọlọ, ìmọ̀ tí ènìyàn ti kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ kì í tètè dín kù. Èyí tó máa ń dín kù ni ìyára, àti agbára láti di ọ̀rọ̀ tuntun mú nínú ọkàn nígbà tí ọ̀rọ̀ mìíràn ṣì ń wọlé. Ìtọ́ni márùn-ún tí wọ́n sọ tẹ̀ léra wọn láìdúró nira fún àgbàlagbà ju ìtọ́ni márùn-ún kan náà lọ bí wọ́n bá sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹrù náà tún wá ń pọ̀ sí i. Ẹni tí kò ní ju àìsàn kan lọ ní àádọ́ta ọdún lè ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin nígbà tó bá pé ọgọ́rin: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, oríkèé ríro, àìsàn ojú. Dókítà ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fún un ní oògùn tirẹ̀, ìtọ́ni tirẹ̀ àti ọjọ́ ìpàdé tirẹ̀, àgbàlagbà náà sì nìkan ni ó gbọ́dọ̀ so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo gbà tọkàntọkàn pé kò sí ọ̀dọ́ tí a lè di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé lórí tí kò ní ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé àìní òye yìí lè gé ẹ̀mí kúrú?

Ìwádìí méjì tó tóbi fi hàn pé òye tó kéré àti ikú àìpẹ́ ń rìn pọ̀. David Baker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán òye 3,260 àgbàlagbà wò ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1997, wọ́n sì tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ wọn fún bí ọdún mẹ́fà. Nínú àwọn tí òye ọ̀rọ̀ ìlera wọn tó, ìdá 18.9 nínú 100 ló kú láàárín àkókò náà. Nínú àwọn tí tiwọn kò tó, ìdá 39.4 ni. Apá kan nínú ìyàtọ̀ yìí wá láti inú ọjọ́ orí, owó tó ń wọlé àti àìsàn tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo ìyẹn mọ́ ọn, ewu ikú àwọn tí òye wọn kò tó ṣì fi nǹkan bí ìdá 52 nínú 100 ju ti àwọn yòókù lọ.

Ìkejì wá láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2012. Wọ́n fún 7,857 ènìyàn tó ti pé ẹni ọdún 52 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìtọ́ni oògùn kan tó dà bíi ti áspírìn, wọ́n sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin tí ìdáhùn wọn wà nínú ìwé náà gan-an. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni kò gba gbogbo rẹ̀. Láàárín ohun tó lé ní ọdún márùn-ún tí wọ́n fi tẹ̀ lé wọn, ìdá 6.1 nínú 100 ló kú nínú àwọn tó gba gbogbo ìbéèrè, nígbà tó jẹ́ ìdá 16 nínú àwọn tí òye wọn kéré jù lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣírò ọjọ́ orí, ipò ìgbésí ayé àti ìlera wọn mọ́ ọn, ewu náà ṣì fi ìdá 40 ga. Nígbà tí wọ́n tún wá fi agbára ọpọlọ kún un, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìdá 26, ṣùgbọ́n kò pòórá.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àìlóye nìkan ló pa wọ́n. Irú ìwádìí báyìí kò lè fi ìdí ìyẹn múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tó láti sọ fún ẹnikẹ́ni tó ń tọ́jú àgbàlagbà pé àlàyé tó yé ènìyàn jẹ́ ara ìtọ́jú gan-an, kì í ṣe ohun tí à ń ṣe bí àyè bá ṣẹ́kù.

Báwo ni àìní òye yìí ṣe ń yí ọ̀nà tí àwọn àgbàlagbà ń gbà lo ilé ìwòsàn padà?

Ó ń mú kí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé ibi tó yẹ kí wọ́n tètè dé, kí wọ́n sì wá dé ibi tí ì bá má yẹ kí wọ́n dé rárá. Àgbéyẹ̀wò ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011 fi hàn pé àwọn tí òye wọn kéré ń lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ju àwọn ẹlòmíràn lọ, wọ́n sì ń dá wọn dúró sílé ìwòsàn jù, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára inflúẹ́ńsà, àwọn obìnrin inú wọn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọyàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára láti fa ẹ̀jẹ̀ yíká ara dáadáa mọ́. Wọ́n máa ń sọ fún un pé kí ó máa gun ìwọ̀n ní àràárọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé omi máa ń kọ́kọ́ kó jọ sínú ara kí èémí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro, omi náà sì máa ń hàn lórí ìwọ̀n kí ó tó hàn lójú: bí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi ju kílógíráàmù 2 lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó yẹ kí ó kàn sí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ìdí yìí fún un, ohun tó gbọ́ kò ju pé kí ó máa gun ìwọ̀n lọ. Ó lè rò pé torí kí òun má baà sanra ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó pa á tì, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó fi bàtà tó fẹ̀ dípò èyí tó ń fún un, ó sì di ọ̀gànjọ́ òru kan tí kò lè mí mọ́ kí wọ́n tó gbé e lọ. Gbólóhùn kan péré ló sọ nù níbẹ̀, èyí tó ní "nítorí pé" nínú.

Ibo ni àṣìṣe lílo oògùn ti sábà máa ń wáyé?

Láàárín kíkà àti ṣíṣe ni. Lọ́dún 2006, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú 395 aláìsàn ní Amẹ́ríkà. Ìtọ́ni kan nínú rẹ̀ ni kí wọ́n lo hóró méjì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nínú àwọn tí òye wọn kéré, nǹkan bí ìdá 71 nínú 100 ló lè sọ ìtọ́ni náà bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n ka iye hóró tí wọn yóò lò ní ọjọ́ kan sílẹ̀, nǹkan bí ìdá 35 péré ló ka mẹ́rin. Ẹ ro ohun tí èyí ń sọ: bí ẹnì kan bá ka ìtọ́ni sókè níwájú yín láìṣì í kà, ẹ kò tíì mọ̀ bóyá yóò lo oògùn náà bó ṣe yẹ.

Ìtọ́ni náà fúnra rẹ̀ ló ní àléébù. "Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́" kò sọ ìgbà. Ẹnì kan lè lo ti àkọ́kọ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kí ó lo èkejì ní aago mọ́kànlá, kí ó sì gbà pé òun ti ṣe ohun tí wọ́n wí. "Hóró méjì ní àárọ̀, hóró méjì ní alẹ́" kò fi àyè sílẹ̀ fún ìṣírò.

Àṣìṣe kejì jẹ́ ti orúkọ. Oògùn kan náà lè ní orúkọ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un, kí ó sì tún ní orúkọ tirẹ̀ gan-an. Àgbàlagbà tó ti ń lo ọ̀kan tẹ́lẹ̀ lè gba èkejì lọ́wọ́ dókítà mìíràn, kí ó máa lo méjèèjì pọ̀ láìmọ̀ pé ìlọ́po méjì ni òun ń lò. Ẹ̀kẹta ni kí ènìyàn dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti yá. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn, nítorí náà kò sí ohun tó máa sọ fún un pé ó ti padà dé. Ẹni tí wọn kò bá sọ èyí fún kò ṣe àìgbọràn rárá. Ohun tó bọ́gbọ́n mu lójú rẹ̀ ló ṣe.

Kí ló dé tí wọn kì í sọ pé ọ̀rọ̀ kò yé àwọn?

Ìtìjú ni. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1996, láàárín àwọn aláìsàn tí òye wọn kéré tí wọ́n sì gbà pé ìwé kíkà ń nira fún àwọn, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ló sọ pé ojú ń ti àwọn. Ìdá 67 kò tíì sọ fún ọkọ tàbí aya wọn rí, ó sì lé ní ìdajì wọn tí kò tíì sọ fún àwọn ọmọ wọn. Bí ènìyàn bá lè fi nǹkan pa mọ́ fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò ní sọ ọ́ fún dókítà tó ń wo aago.

Ọ̀wọ̀ tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà gbà pé bíbéèrè lẹ́ẹ̀kejì dà bí ìgbà tí ènìyàn ń ta ko dókítà, tàbí pé ó ń fi àkókò àwọn tó kù lórí ìlà ṣòfò.

Àwọn àmì wo ló lè fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò yé wọn?

Wọ́n lè sọ pé àwọn gbàgbé awò ojú sílé, tàbí pé àwọn yóò kà á bí àwọn bá délé. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ ìdajì rẹ̀ jẹ́ àmì, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ ìpàdé tí wọ́n ń pàdánù léraléra. Bí ẹ bá béèrè orúkọ oògùn kan tí wọ́n ṣí ìgò rẹ̀, tí wọ́n da hóró kan sí àtẹ́lẹwọ́ kí wọ́n tó dáhùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọ̀ oògùn ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn gidigidi, nítorí pé bí ilé oògùn bá pààrọ̀ hóró aláwọ̀ funfun sí ti aláwọ̀ ewé, kò sí ohun mìíràn tí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n. Àmì tó rọrùn jù láti gbójú fò ni mímì orí sí gbogbo ohun tí ẹ bá sọ, láìbéèrè ohunkóhun.

Kí ni dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn lè ṣe?

Kí wọ́n dẹ́kun bíbéèrè pé "Ṣé ó yé yín?" "Bẹ́ẹ̀ ni" ni ìdáhùn ìbéèrè yẹn lẹ́nu ẹni tí ó yé àti ẹni tí kò yé. Ohun tó dára ni kí wọ́n ní kí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́, kí wọ́n sì fi ẹ̀bi sórí ara wọn. Fún àpẹẹrẹ: "Mà, mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé dáadáa. Bí ẹ bá délé tí àwọn ọmọ bi yín bí ẹ ó ṣe máa lo oògùn yìí, kí lẹ máa sọ fún wọn?" Bí ìdáhùn bá ní àléébù, kí wọ́n tún un ṣàlàyé lọ́nà mìíràn, kì í ṣe kí wọ́n pariwo ọ̀rọ̀ kan náà, kí wọ́n sì tún béèrè. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìfàsímú tàbí abẹ́rẹ́ insulin ni, kí wọ́n ní kí aláìsàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é níwájú wọn.

Àgbéyẹ̀wò kan lọ́dún 2003 sọ pé láàárín ìdá 40 sí 80 nínú 100 ohun tí òṣìṣẹ́ ìlera bá sọ ni aláìsàn ń gbàgbé lójú ẹsẹ̀, bí ohun tí wọ́n sọ bá sì ṣe pọ̀ tó ni èyí tó ń sọ nù ṣe ń pọ̀ tó. Nítorí náà, kókó méjì tàbí mẹ́ta tó fún ìpàdé kan. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, kí wọ́n dojú kọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n pa rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n tó ń pariwo. A kò rò pé ó yẹ kí wọ́n máa ṣe ìdánwò fún àgbàlagbà láti mọ ẹni tí òye rẹ̀ kéré. Gbogbo ènìyàn ni kí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀ kedere, nítorí pé kò sí ẹni tó kàwé débi tí àlàyé tó mọ́lẹ̀ yóò fi bí i nínú.

Ọmọ tàbí ẹbí ńkọ́?

Ẹ kó gbogbo oògùn inú ilé sínú àpò kan, títí kan àgbo, fítámì àti oògùn ìrora tí ẹnikẹ́ni kò kọ fún wọn, kí ẹ sì kó o lọ bá dókítà tàbí apòògùn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí oògùn tó ti kọjá ọjọ́ àti oògùn kan náà tó ní orúkọ méjì. Ẹ kọ orúkọ oògùn, iṣẹ́ rẹ̀, iye rẹ̀ àti ìgbà lílo rẹ̀ sínú ìwé kan tí wọn yóò máa mú dání.

Bí ẹ bá bá wọn lọ, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí ẹ máa kọ nǹkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Ó dun ni láti rí bí dókítà àti ọmọ ṣe máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí àgbàlagbà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òun ni yóò lo oògùn náà nígbà tí kálukú bá ti lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ìyá kò ní sọ lójú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin; ẹ bọ́ síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ yín.

Mo ti dàgbà. Kí ni mo lè ṣe fúnra mi?

Ẹ mú ìbéèrè mẹ́ta lọ́wọ́ lọ: Kí ni àìsàn mi gan-an? Kí ló yẹ kí n ṣe sí i? Kí ló dé tó fi ṣe pàtàkì kí n ṣe é? Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ojú bá ń tì yín láti sọ pé kò yé yín, ẹ sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kí n lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa." Ẹ wọ awò ojú yín, ẹ fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sétí bí ẹ bá ní.

Ṣé kí wọ́n máa wá ìròyìn ìlera lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Kò burú, bí wọ́n bá mọ ohun tí wọn yóò wò. Ta ló kọ ọ́, ìgbà wo ló kọ ọ́, ṣé ó sì ní nǹkan tó ń tà? Ohun tó bá ṣèlérí pé òun yóò wo àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru sàn pátápátá láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí ó sì ní kí ẹ dá oògùn dókítà dúró, ẹ má fọwọ́ kàn án, bó ti wù kí ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín jẹ́ ọ̀rẹ́ tó.

Bí ìgbàgbé bá ti le púpọ̀ ńkọ́?

Nígbà náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa bójú tó oògùn, tí ilé ìwòsàn sì mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ ṣì máa bá àgbàlagbà náà sọ̀rọ̀ tààrà, pẹ̀lú gbólóhùn kúkúrú. Ó dára kí ẹ ti béèrè irú ìtọ́jú tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ wọn ṣáájú, nígbà tí iyè wọn ṣì mú ṣáṣá.

Ṣé òye yìí lè pọ̀ sí i lọ́jọ́ ogbó, àbí yóò kàn máa lọ sílẹ̀ ni?

Kò pọn dandan kí ó lọ sílẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2015, tí wọ́n fi ọdún bíi mélòó kan tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì déédéé, tí wọ́n sì ń bá ẹgbẹ́ pé jọ tàbí lọ síbi àṣà àti ìgbafẹ́, ni òye ọ̀rọ̀ ìlera wọn dúró jù láìdín kù. Lójú tèmi, ìdí rẹ̀ kò jìnnà: ẹni tó ń jáde ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ó ń béèrè ọ̀rọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń sọ ohun tí dókítà wí fún wọn. Bí ẹ bá ní òbí tó ti dàgbà tí ẹ sì fẹ́ mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè ní ọ̀sẹ̀ yìí ohun tí oògùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún, kí ẹ sì kọ èyí tí wọn kò mọ̀ sílẹ̀ fún ìpàdé wọn tó ń bọ̀ pẹ̀lú dókítà.